Ẹnì Kan, Fáìlì Kan

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ ju oúnjẹ àárọ̀ lọ, Ọlọ́run sì fi odidi iléeṣẹ́ kan jíǹkí rẹ̀ kó lè rí ẹni tí yóò máa gbọ́ ọ. Òun ni olùdarí iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ àti ìwé ilé gbogbo ìlú. Ọ̀gá wà ní àjà òkè pátápátá, àwọn òṣìṣẹ́ wà láàárín, àwọn fáìlì sì wà nínú yàrá ńlá kan lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí oòrùn ò dé rí. Kí ọ̀gá yìí tó kí ènìyàn káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wúkọ́, yóò fa ẹ̀wù rẹ̀ gún, yóò sì wo òkè àjà bí ẹni tó ń wá ibi tí àwọn oníròyìn gbé kámẹ́rà sí. Nígbà tó bá fi máa kí i tán, ẹni tó ń kí á ti pẹ́ dé ìdí iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, àṣẹ kan ti òkè wá. Ìjọba ní ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tó ń fipá bá obìnrin lò pọ̀, àti ti àwọn tó ń fọwọ́ pa wọ́n lára níbi iṣẹ́, ti di egbò tó ń rùn. Àwọn obìnrin ti sọ̀rọ̀ títí, ó ti rẹ̀ wọ́n. Ó wá kan àwọn ọkùnrin. Kí olúkúlùkù iléeṣẹ́ fi ohun tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń ṣe láti dá ìwà náà dúró hàn. Kọmíṣọ́nnà fúnra rẹ̀, obìnrin kan tí kì í fi ẹ̀rín ṣòfò, ni yóò máa yí káàkiri wò ó, olùdarí tó bá sì ṣe dáadáa jù lọ ni yóò di igbákejì rẹ̀.

Àṣẹ tó dára ni. Àmọ́ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn nìkan ló yé ọ̀gá wa. Ó kà á, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Láti ọjọ́ náà ni àánú àwọn obìnrin ti gbà á lọ́kàn.

Ó gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, ọkùnrin mẹ́sàn-án, torí ó ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Nígbà tí ẹnì kan rán an létí pé kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ ààbò obìnrin, ó fi ọ̀kan kún un, ó ní kó máa po tíì. Lẹ́yìn náà ló fún ara rẹ̀ lórúkọ. Ògiri-Ààbò ni orúkọ náà, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn òun kí àwọn ènìyàn má baà ṣì í pè. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, ọ̀kan nínú wọn ní ògiri olókùúta ni ọ̀gá. Èkejì ní rárá, ògiri oní-sìmẹ́ńtì ni. Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n má fi sìmẹ́ńtì wọ́ ọ̀gá nílẹ̀, irin ni. Lórí ohun tí wọ́n fi mọ ọ̀gá yìí ni wọ́n jiyàn títí tí ìpàdé fi parí.

Ọ̀gá wá dìde láti sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ọkùnrin," ó wí, "àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà. Iléeṣẹ́ yìí ni ọjà. Orí obìnrin kankan kò ní í wọ́ níwọ̀n ìgbà tí èmi bá ń mí. Kí nìdí? Torí pé obìnrin ni ìyá mi, obìnrin ni ìyàwó mi, obìnrin sì ni gbogbo àwọn ọmọbìnrin mi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún àwárí yìí títí tí tíì fi tutù.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìbúra ni ọ̀gá kọ́kọ́ gbé jáde. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn ọkùnrin ìgbìmọ̀ á jókòó ní gbọ̀ngàn, wọ́n á sọ pé: "Ọkùnrin ni mí. Bí mo bá rí i, màá sọ. Bí mo bá gbọ́ ọ, màá dìde." Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́, ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n orí ìjókòó ni wọ́n ti ń kà á, torí ọ̀gá ní òun nìkan ló gbọ́dọ̀ wà lóròó kí fọ́tò lè dára.

Fèrè ló tẹ̀ lé e. Ó pín in fún gbogbo obìnrin iléeṣẹ́, irú èyí tí rẹfirí máa ń fun lórí pápá bọ́ọ̀lù. Bí ọwọ́ tí kò yẹ bá kan ẹnikẹ́ni nínú wọn, kó fun ún, ọkùnrin tó bá gbọ́ á sì sáré lọ gbà á sílẹ̀. Èyí náà ò burú. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n pín in, obìnrin kan fun tirẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń dún, ọ̀gá sì ta gìrì lójú oorun ọ̀sán, tíì sì dà sí i lára. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, òfin ti jáde: obìnrin tó bá fẹ́ fun fèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá gba àṣẹ ní ọ́fíìsì olùdarí, ní wákàtí iṣẹ́, kó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ mi bí? Kí ẹni tí wọ́n dì mú sọ fún ẹni tó dì í mú pé kó ní sùúrù, òun ń lọ gba àṣẹ bọ̀.

Iná yàrá fáìlì ti kú láti ìgbà òjò. Àwọn obìnrin tọrọ gílóòbù, wọ́n sì ní kí wọ́n bá àwọn yọ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ láti inú. Ọ̀gá fi owó gílóòbù ṣe pátákó aláwọ̀ mèremère kan síwájú ilé. Nínú àwòrán náà, ọ̀gá na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró, obìnrin kan tó ń gbọ̀n sì sá pa mọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà níbi tó wà.

Ó yẹ ká wá sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ń bójú tó yàrá fáìlì yẹn. Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀rín ni wọ́n ń pè é, torí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọ̀gá ni láti ilé ìwé, ó sì wà lára àwọn mẹ́sàn-án inú ìgbìmọ̀. Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ níbẹ̀, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n máa sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, àti pé ẹnikẹ́ni kì í dá nìkan lọ sísàlẹ̀. Bí ẹni tuntun bá bi wọ́n nídìí, wọ́n á wo ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé méjì-méjì ni wọ́n ń lọ mú fáìlì, méjì-méjì ni wọ́n sì ń dá a padà. Àwọn ọkùnrin rí i. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní ìbejì. Nínú gbogbo àwọn tó ń búra pé àwọn máa sọ bí àwọn bá rí i, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó béèrè ìdí.

Nígbà tí ọjọ́ tí Kọmíṣọ́nnà máa wá kù díẹ̀, ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ láti wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó bá obìnrin méjì lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú fáìlì kan ṣoṣo tó tín-ín-rín. Inú bí i débi pé kò rántí wúkọ́. Ṣé báyìí ni Kọmíṣọ́nnà ṣe máa wá bá wọn, kí ènìyàn méjì máa gbé ohun tí ọmọdé lè fi ìka méjì gbé? Lọ́jọ́ náà gan-an ló ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́nu àtẹ̀gùn: ẸNÌ KAN, FÁÌLÌ KAN. Obìnrin tó bá tẹ̀ lé obìnrin lọ sísàlẹ̀ yóò gba ìwé ìbáwí.

Àǹtí Gíláàsì ló gòkè lọ bá a. Òun ni obìnrin tí wọ́n fi kún ìgbìmọ̀ láti máa po tíì. Ó ti pẹ́ níbi iṣẹ́ ju ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ. Ó sọ ọ́ fún un láìfi bọpo bọyọ̀ pé Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀rín máa ń ti obìnrin mọ́ àpótí fáìlì, ó máa ń fọwọ́ kàn wọ́n níbi tí kò yẹ, ìyẹn ni wọn kì í fi í dá lọ. Ọ̀gá fetí sí i, ó sì rántí ìgbà tí òun àti Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀rín jọ ń fa aṣọ àwọn ọmọbìnrin nílé ìwé. Inú rẹ̀ dùn sí ìrántí náà.

"Ọ̀rẹ́ mi ni," ó wí. "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Eré ló ń ṣe."

"Àwọn tó ń bá ṣeré ò rẹ́rìn-ín, sà."

"Ẹ fara balẹ̀, Àǹtí. Bí Kọmíṣọ́nnà bá ti lọ, a ó gbé e yẹ̀ wò."

"Ó dáa. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin kan máa sin ẹni tó bá ń lọ sísàlẹ̀."

"Ọkùnrin wo? Ṣé ẹ ò rí i pé àwọn ọkùnrin ń kọ́ ìbúra?"

Àǹtí Gíláàsì dáhùn. "Ọ̀gá, bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀."

Ọ̀gá rò pé wọ́n ń kì òun ni. Ó dúpẹ́, ó ní kó bu tíì sí i fún òun.

Àbúrò ni wọ́n ń pe ẹni tó kéré jù nínú àwọn obìnrin tó ń tẹ̀wé. Kò tíì pẹ́ tó gba iṣẹ́ náà, owó oṣù rẹ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀ sì fi ń gbọ́ bùkátà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló rán an sísàlẹ̀, pé kó lọ mú fáìlì tí fọ́tò ìgbà èwe òun wà nínú rẹ̀ wá, torí ó fẹ́ kí wọ́n gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn kí Kọmíṣọ́nnà lè rí i. Àbúrò wo ẹni tó jókòó tì í. Ẹni náà wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àbúrò dá sọ̀ kalẹ̀.

Ní gbọ̀ngàn lókè, àwọn ọkùnrin ń kọ́ ìbúra. Ibi tí wọ́n ti ń sọ pé "bí mo bá gbọ́ ọ, màá dìde" ni wọ́n dé tí fèrè dún láti ìsàlẹ̀. Ó dún gígùn, ó dá, ó tún dún. Ọ̀gá gbọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò gbọ́, irọ́ ló pa. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kò sẹ́ni tó wá gba àṣẹ. Èkejì ni pé ìbúra ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn bọ̀. Bàbá Òǹtẹ̀, àgbàlagbà tí ń tẹ òǹtẹ̀ sára ìwé, ti gbé ìdí kúrò lórí àga. Ọ̀gá wò ó. Bàbá náà tún jókòó.

"Ẹ gbé ohùn sókè," ni ọ̀gá wí. "Ẹ má jẹ́ kí ariwo da ìbúra rú."

Wọ́n gbé ohùn sókè. Ọkùnrin mẹ́jọ ń pariwo pé àwọn máa dìde, gbogbo wọn sì wà lórí ìjókòó. Ẹni kẹsàn-án wọn ò sí láàárín wọn lọ́jọ́ náà, ìsàlẹ̀ ló wà. Ìtìjú ni, kò sì ní orúkọ míì.

Àǹtí Gíláàsì nìkan ló gbé ife tíì sílẹ̀. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn, ó sì bọ́ bàtà, ó fi ń lu ilẹ̀kùn títí tó fi ṣí. Àbúrò jáde pẹ̀lú aṣọ tó ya lápá àti ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ó ti gé Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀rín jẹ níbi àtàǹpàkò, ó sì gé e dáadáa.

Ọ̀gá ò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti dájọ́. Ó fún Àbúrò níwèé ìbáwí torí ó fun fèrè láìgba àṣẹ. Ó fún Àǹtí Gíláàsì ní tirẹ̀ torí pé ènìyàn méjì ló jáde láti ìsàlẹ̀, tí fáìlì kankan ò sì sí lọ́wọ́ wọn. Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀rín ní ajá ló bu òun jẹ. Ọ̀gá kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀, ó sì fi ṣe aṣáájú ìbúra láti fi tù ú nínú. Lẹ́yìn náà ló pe Àbúrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rán an létí pé iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, pé ẹnu tó bá sọ̀rọ̀ jù lè ti iṣẹ́ bọ inú omi. Àbúrò dá a lóhùn pé òun ti gbọ́.

Torí pé ọ̀gá kì í fẹ́ kí ohunkóhun bá òun lójijì, ó kọ́ ẹ̀kọ́ kan nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ṣé kì í ṣe pé àwọn kan lè fẹ́ fi fèrè bà á jẹ́ níwájú Kọmíṣọ́nnà? Ó wá ní kí ẹnì kan máa fun fèrè lẹ́yìn aṣọ fèrèsé nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ìbúra, kí àwọn ọkùnrin sì máa gbé ohùn sókè bó bá ti dún. Wọ́n kọ́ ọ débi pé ó mọ́ wọn lára. Fèrè á dún, wọn ò ní í wojú ara wọn mọ́, ohùn á ti gòkè.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n gbé fọ́tò ìgbà èwe ọ̀gá kọ́. Kọmíṣọ́nnà jókòó síwájú pẹ̀lú aṣọ tí kò ní dídán kankan, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tí ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá tó bí i lọ́mọ, tí kò sì tíì dé ìgbà tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú. Àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án jókòó lórí pèpéle pẹ̀lú báàjì tí àwòrán ògiri wà lára rẹ̀. Àǹtí Gíláàsì ń bu tíì. Nígbà tí Kọmíṣọ́nnà ò lè fara dà á mọ́, ó béèrè ohun tí fèrè wà fún.

Ọ̀gá fẹ̀ bí agbòòrùn. Ó ní ní iléeṣẹ́ òun, bí fèrè bá dún báyìí, ọkùnrin kankan kò ní í jókòó.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ," ni Kọmíṣọ́nnà wí. Ó wo àwọn obìnrin yíká. Gbogbo wọn ló ti ju tiwọn sínú dúrọ́ọ̀, àfi ẹnì kan ṣoṣo tó ṣì gbé e kọ́rùn. "Ọmọ mi, bá mi fun tìẹ."

Àbúrò wo ọ̀gá. Ọ̀gá fi ojú sọ fún un pé kó fun ún díẹ̀. Ó fun ún tagbára-tagbára.

Ohun tí wọ́n kọ́ ni wọ́n ṣe. Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀rín gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé sókè, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì bú sí ìbúra. Àbúrò tún fun ún. Ohùn wọn tún gòkè. "Màá dìde, màá dìde," ni wọ́n ń ké, òógùn bò wọ́n, ìdí wọn sì lẹ̀ mọ́ àga. Ọ̀gá ń juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dákẹ́, àmọ́ wọ́n rò pé ó ní kí wọ́n tún fi kún un ni.

Nígbà tí wọ́n dákẹ́ tán, Kọmíṣọ́nnà rí báńdéèjì náà. Ó yíjú sí Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀rín. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Ajá ló bù mí jẹ, mà," ó fi ẹ̀rín dáhùn.

Àbúrò ṣì wà lóròó. Ó ń ro ti ìyá rẹ̀, ó ń ro ti iṣẹ́, síbẹ̀ ó sọ ọ́.

"Èmi ni ajá náà, mà."

Ó wá ròyìn gbogbo rẹ̀, láti orí fọ́tò tí wọ́n rán an títí dé orí ìwé ìbáwí. Kò sunkún. Ó ní bí wọ́n ṣe pariwo lọ́jọ́ náà gan-an nìyẹn, òun ń gbọ́ wọn láti ìsàlẹ̀, ohùn wọn ń dùn.

Ọ̀gá wúkọ́. "Kọmíṣọ́nnà wa ọ̀wọ́n, ta ni mo jẹ́ tí màá fi fìyà jẹ obìnrin? Obìnrin ni ìyá mi, obìnrin ni..."

"Ìyá yín kọ́ ló fun fèrè," ni Kọmíṣọ́nnà wí. Ó wo orí pèpéle. "Ta ló gbọ́ ọ nínú yín?"

Bàbá Òǹtẹ̀ ló gbé ìdí kúrò lórí àga, ó sì nàró pátápátá lọ́tẹ̀ yìí. Ó yọ báàjì lára. "Mo gbọ́ ọ, mà. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ọ̀gá ní ká gbé ohùn sókè, a sì gbé e. Mo mọ ohun tí fèrè náà ń wí, mo sì jókòó." Ẹlòmíì dìde, ẹlòmíì tẹ̀ lé e, títí tó fi ku Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀rín nìkan lórí ìjókòó, láìsí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má rò pé ìdìde yẹn wẹ̀ wọ́n mọ́ o. Ẹni tó dìde nígbà tí ilẹ̀kùn ti ṣí kò tíì gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àmọ́ ó sàn ju kí wọ́n máa kọrin lọ.

Àwọn ọlọ́pàá ló mú Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀rín lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kọmíṣọ́nnà ya ìwé ìbáwí méjèèjì, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó sì ní kó mú fáìlì iṣẹ́ ara rẹ̀ wá síwájú àwọn olùwádìí ní ọjọ́ kejì. Àwọn tó ti ń jiyàn bóyá sìmẹ́ńtì ni tàbí irin wá fẹnu kò: wọ́n ní amọ̀ ni, àwọn sì ti mọ̀ látilẹ̀wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá dé láti mú fáìlì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó béèrè Bàbá Òǹtẹ̀, wọ́n ní ó ti bá Àbúrò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti jẹ́rìí. Ó dé orí àtẹ̀gùn, ó wo ìsàlẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Gílóòbù ò sí, òun náà ló sì mọ ibi tí owó rẹ̀ wà. Ó gbọ́ nǹkan kan tó ń họ láàárín àwọn àpótí, bóyá eku ni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa dá dúró síbi tí ó ti ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ.

Àǹtí Gíláàsì jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ nítòsí, ó ń kọ̀wé.

"Àǹtí," ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ ò sì ga mọ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sìn mí débẹ̀. Ibẹ̀ ṣókùnkùn jù fún ẹnì kan."

Àǹtí Gíláàsì gbé gíláàsì rẹ̀ sókè díẹ̀, ó wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́bàá orí ọ̀gá.

"Ẹnì kan, fáìlì kan, ọ̀gá," ó wí, ó sì padà sídìí ohun tó ń kọ.